Ṣé èèyàn lè fi tai chi kíkọ́ni jẹun?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni ọdún 43 ni mí, London ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ti alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń kọ́ tai chi, eré ìdárayá jẹ́jẹ́ àwọn ará Ṣáínà tó ti inú ìjà wá, òun ló gba ẹ̀yìn mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìrora. Mo wá rí kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì kan tí wọ́n á fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, kí n sọ tai chi di iṣẹ́ òòjọ́. Ọkọ mi ní iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù kì í ṣe iṣẹ́. Àbúrò ìyá mi ní òrìṣà àwọn ará Ṣáínà ni mo fẹ́ lọ máa bọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí rẹ̀, ṣé owó wà níbẹ̀? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

* * *

Má fi iṣẹ́ sílẹ̀, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ gbọ́ kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí o tó bínú sí mi.

Kíláàsì mi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ká mú. Pọ́n-ùn 18 ni họ́ọ̀lù fún wákàtí kan. Wákàtí kan ni mo fi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ti wákàtí kan ààbọ̀ ni mò ń san, nítorí mo ní láti gbálẹ̀, kí n to àga fún àwọn tí kò lè dúró pẹ́, kí n sì dúró gbọ́ ẹni tó bá fẹ́ ròyìn orúnkún rẹ̀ fún mi tí a bá parí. Pọ́n-ùn 27 nìyẹn. Èèyàn mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wá, pọ́n-ùn mẹ́jọ mẹ́jọ, ó jẹ́ 72. Ó ku 45. Ká ní o ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 40 lọ́dún, torí àwọn èèyàn máa ń rìnrìn àjò nínú oṣù kẹjọ, òtútù sì máa ń ti wọ́n mọ́lé nínú oṣù kejìlá: pọ́n-ùn 10,800 ni gbogbo rẹ̀ fún odindi ọdún. O kò tíì yọ owó bọ́ọ̀sì. O kò tíì yọ inṣọ́ránsì. O kò tíì yọ owó tí ìwọ náà ń san fún ọ̀gá rẹ. Kò tíì tó pọ́n-ùn 12,570 tí ìjọba ń fi sílẹ̀ fún èèyàn lọ́dún kí wọ́n tó máa gba owó orí. Kíláàsì mẹ́fà tó kún kò sì ní bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo lò kí n tó ní mẹ́rin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ló sì ń sanwó ilé fún mi ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nítorí náà ọkọ rẹ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ibi tí owó ti ń wọlé gan-an ni kò tíì rí, ìwọ tí o sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lálaalẹ́ náà kò tíì rí i. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni. Mẹ́rin ni mò ń lọ lọ́sẹ̀ báyìí. Ìṣẹ́jú 45 ni, orí àga ni a ti ń ṣe é, pọ́n-ùn 45 ni wọ́n ń san, mi ò san owó họ́ọ̀lù, òjò kò sì lè dín èrò mi kù. Mo mọ àwọn olùkọ́ tó mọ tai chi jù mí lọ fíìfíì tí wọn kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó dìde lórí àga láì fà á lápá. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí o fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn gan-an ni màá kọ́ ilé yìí lé ká ní èmi ni ìwọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ti gbaná jẹ nísàlẹ̀ yìí lórí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ méjì. Ó ní ìwà olè ni, ó ní ẹni tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀gá kò gbọdọ̀ la ẹnu láti kọ́ni. Ẹlòmíràn dá wọn lóhùn pé àwọn ọ̀gá ló dá òfin yẹn sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa tètè lọ. Èmi ti wà lápá méjèèjì rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ní ìtàn lẹ́yìn. Yang Luchan, tó dá tai chi ìdílé Yang sílẹ̀, tí wọ́n bí ní 1799, kúrò níbi tí wọ́n ti bí i, ó lọ sí abúlé Chenjiagou ní ìpínlẹ̀ Henan, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Chen Changxing, ọ̀gá tai chi ìdílé Chen. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ ọ kó tó di ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn ààfin ní Beijing. Ìjà ni nígbà náà. Bí o bá kọ́ ọmọ èèyàn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, ẹ̀ṣẹ́ ẹlòmíràn ló máa sọ fún un.

Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé yẹn fúnra wọn ló ṣí ilẹ̀kùn. Yang Chengfu, ọmọ ọmọ Yang Luchan, ló kọ́ ọ ní gbangba, tó mú un lọ́ra, tó mú un gbòòrò, tí àwọn tí kò jà rí láyé wọn fi lè ṣe é. Zheng Manqing, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, gé e kù sí ìgbésẹ̀ 37, ó sì gbé e dé New York ní 1964. Ní 1956, àjọ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà gbé ti ìgbésẹ̀ 24 jáde, èyí tí èèyàn lè ṣe tán ní bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Òun ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ́ nínú họ́ọ̀lù títí dòní. Ní 1997, Dókítà Paul Lam ní Ọsirélíà fa tirẹ̀ yọ láti inú tai chi ìdílé Sun fún àwọn tí làkúrègbé ń bá jà, nítorí pé ìdúró ti Sun ga, kì í di ẹrù ru orúnkún.

Nítorí náà, kí n tó dáhùn pé ọjọ́ méjì tó tàbí kò tó, màá béèrè pé kí lo fẹ́ kọ́ wọn, àwọn wo lo sì fẹ́ kọ́? Bí ó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣètò fún àwọn àgbàlagbà mẹ́jọ lórí àga, tí ìwọ sì ti ní ọdún mẹ́rin nínú ara kí o tó wọ kọ́ọ̀sì, ọjọ́ méjì yẹn lè tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rin yẹn ni ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ méjì kàn ń fi bí a ṣe ń dáàbò bo aláìlera hàn ọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ kọ́ àwọn géńdé ní títi-ara-ẹni, èyí tí wọ́n ń pè ní tuishou, má dán an wò.

Kò sí òfin kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ tai chi. Ẹnikẹ́ni lè lẹ ìwé mọ́ ara ògiri lọ́la. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ bíi Tai Chi Union for Great Britain, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, máa tọ́jú orúkọ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Wọlé sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 13 tí mo ti ń kọ́ni, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi rí. Kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, béèrè. Ilé inṣọ́ránsì béèrè. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà béèrè, wọ́n sì tún béèrè DBS pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí.

Ohun tí mo rọ̀ ọ́ kí o ṣe kí o tó lọ sí kọ́ọ̀sì èyíkéyìí ni kí o bẹ ọ̀gá rẹ pé kó jẹ́ kí o máa darí nína ara ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Ẹ̀yìn kíláàsì ni ọ̀gá tèmi fi mí sí fún ọdún kan gbáko, mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú mi. Ó máa ń bi mí lẹ́yìn ìyẹn pé, "Ta ló ń fi orúnkún yí lónìí?" Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kò ní sọ fún mi. Mo bínú nígbà náà. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi ń jẹun báyìí.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá kan, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń pè ní kíkọ́ni.

Ẹni ọdún 81 ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀pá, ọmọ wọn ló mú wọn wá. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé, ẹ̀rù ilẹ̀ ń bà wọ́n. Tí wọ́n bá dúró, ojú wọn á wà nílẹ̀, èjìká wọn á ká sí etí. Fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àtàrí wọn gòkè. Xu ling ding jin ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí pé kí orí fúyẹ́, kó dà bí ohun tí wọ́n fi okùn fà sókè. Okùn yẹn kò yé màmá. Ta ni wọ́n ń fi okùn so lórí?

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ru omi rí?"

Wọ́n wò mí bíi pé mo bú wọn. "Èmi? Láti odò wálé, kí ilẹ̀ tó mọ́, láìfọwọ́ dì í mú."

Mo ní kí wọ́n ru ú báyìí. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ọrùn wọn fi nà. Èjìká sọ̀ kalẹ̀. Àgbọ̀n wọlé díẹ̀. Ojú kúrò nílẹ̀, ó lọ wo iwájú bí ojú ẹni tó ń wá ọ̀nà láàárín koríko. Ìbàdí rọ̀ wá sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, nítorí ara ẹni tó ru omi mọ̀ pé bí orúnkún bá gan, omi á dà. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá wá ti wà lára wọn láti kékeré.

Láti ibẹ̀ ni mo ti mú ẹsẹ̀. Gbogbo ara lọ sí ọ̀tún, kí òsì ṣófo pátápátá kó tó kúrò nílẹ̀. Kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ká wádìí ilẹ̀ wò ná kí á tó gbé ara lé e. Màmá ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àbí?" Mo ní òun náà ni.

Kó tó pé oṣù mẹ́jọ, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà họ́ọ̀lù tí wọ́n ń wọ bàtà lórí ìdúró, ẹsẹ̀ kan lókè, ọwọ́ wọn kò kan ògiri. Wọn kò mọ̀ pé mò ń wò wọ́n. Mo padà sínú, mo jókòó.

Àbúrò mi, ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ní irú ọ̀rọ̀ tó ń ṣí i. Ẹni tó ti wakọ̀ bọ́ọ̀sì fún 30 ọdún, ìdarí ọkọ̀ ni màá fi ṣàlàyé ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yun Shou, ọwọ́ bí ìkùukùu, fún un. Ìwọ tí o ń gbọ́ ìtàn àwọn àgbàlagbà lálaalẹ́, o ti kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ.

* * *

Ẹ ti ń bi mí nípa ọ̀rọ̀ ìsìn. Ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá rẹ kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún kejì mi, pásítọ̀ kan tó ti gbà kí n máa lo gbọ̀ngàn ìjọ wọn pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ní àwọn alàgbà ti jókòó lé e lórí, agbára àjèjì ni wọ́n ní mò ń mú wọlé. Èèyàn mọ́kànlá ló ń wá nígbà náà. Lọ́jọ́ Ajé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù, mò ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta péré ló bá mi lọ sí yàrá tí mo rí gbà ní ilé ìkàwé. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ ìjọ ni èmi náà.

Ẹnì kan gbà wá nímọ̀ràn níbí pé kí a fi orúkọ mìíràn pè é, ká ní "nína ara fún àgbàlagbà", kí ẹnikẹ́ni má bàa bèèrè. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá mọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ohun tí kò burú á di ohun tí a fi pa mọ́. Mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀rọ̀ taiji ti inú èrò àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ wá, nípa yin àti yang, bí ohun líle ṣe ń di rírọ̀, tí rírọ̀ ń di líle. Ẹ̀ṣẹ́ ni ìtumọ̀ quan tó wà ní ìparí orúkọ rẹ̀ ní kíkún, taijiquan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 2020, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun ìní àṣà gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni màá wá sọ ohun tí a ń ṣe nínú yàrá mi: a ń dúró, a ń mí, a ń gbé ara láti ẹsẹ̀ kan lọ sí èkejì. A kì í sun tùràrí, a kì í tẹrí ba fún àwòrán, a kì í gbàdúrà sí ohunkóhun. Mo máa ń ní kí ẹni tó ń ṣiyèméjì wá jókòó wo kíláàsì kan láìsanwó. Àlàájì méjì àti ìyàwó alàgbà kan wà lára àwọn tó jókòó wò tí wọn kò lọ mọ́.

Ẹni tó bá wò ó tán tó ṣì ní òun kò fẹ́, fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Pe àbúrò ìyá rẹ wá wò ó.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó tún gbóná. Ẹnì kan ní kò yẹ kí Yorùbá máa gbowó lọ́wọ́ Yorùbá lórí ìlera, pé ọ̀fẹ́ ni kí n máa kọ́ àwọn ìyá wa.

Mo ti ṣe é. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní kí n wá, orúkọ 20 ló wà lórí ìwé, mo ní ọ̀fẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, èèyàn méjì ló wá. Mi ò rò pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ohun tí a kò sanwó fún ni a kọ́kọ́ máa ń sún síwájú tí àríyá bá dé, àríyá wa sì pọ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ ní pọ́n-ùn mẹ́ta, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́sàn-án sanwó, mẹ́sàn-án ń wá, méje nínú wọn ṣì wà títí di òní.

Gba owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Bí o bá ń gbà á lọ́jọ́ọjọ́, òjò ni yóò máa pinnu owó oṣù rẹ. Ẹni tí kò ní lọ́wọ́, bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Èmi máa ń ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè dé bá mi to àga. Ó ti sanwó nìyẹn, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Kánsù máa ń sanwó dáadáa fún kíláàsì àwọn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n wọ́n lè pẹ́. Mo ti retí owó kan fún oṣù mẹ́ta rí. Má fi owó kánsù ṣe owó ilé.

Ti owó orí ńkọ́? Bí owó tó wọlé láti inú iṣẹ́ tìrẹ bá ju pọ́n-ùn 1,000 lọ láàárín ọjọ́ 6 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún kejì, kí o tó yọ ìnáwó kankan, o ní láti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, kí ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Iṣẹ́ alẹ́ rẹ ti lo pọ́n-ùn 12,570 yẹn tán, nítorí náà wọ́n á gba owó orí lórí èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ra ìwé kékeré kan, kọ owó bọ́ọ̀sì sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí o bá fẹ́ máa fi orin sí i, ìwé àṣẹ orin wà tí wọ́n ń gbà fún un; bi àwọn tó ni họ́ọ̀lù bóyá tiwọn ti kárí rẹ. Èmi kò lo orin mọ́. Mo fẹ́ máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní tai chi tí kò sí ìjà nínú rẹ̀, ijó lásán ni. Ó sọ òótọ́ dé ààyè kan. Bí o kò bá mọ ìdí tí apá fi wà níwájú àyà, o ò ní mọ̀ nígbà tó bá ṣubú. Mo máa ń fi ìka méjì ti apá akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, kó lè mọ̀ ọ́n lára pé gìgísẹ̀ ló gbà á dúró, pé èjìká kọ́. Nítorí ìyẹn ni mo fi ń lọ ṣe tuishou lọ́dọ̀ ọ̀gá mi lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn géńdé á sì tì mí kiri yàrá. Ṣùgbọ́n màmá ẹni ọdún 81 kò wá kọ́ ìjà. Ilẹ̀ ni ọ̀tá wọn.

* * *

Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí mo ti kọ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á.

Mo rí àwọn olùkọ́ tó ń sọ fún àwọn èèyàn wa pé tai chi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn. Ẹ má ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é lójú yín. Ohun tí ìwádìí sọ dára tó, kò nílò kí a bù mọ́ ọn. Ní 2012, New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 195 tó ní àrùn Parkinson ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ṣe tai chi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24 dúró ṣinṣin ju àwọn tó ń na ara lásán lọ, wọ́n sì ṣubú níwọ̀n tó kéré sí tiwọn. Ní 2016, ìwádìí mìíràn wo èèyàn 204 tí orúnkún ń dùn: tai chi kò rẹ̀yìn sí iṣẹ́ àwọn físíò. NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, náà ń sọ fún àwọn ẹni ọdún 65 sókè pé kí wọ́n máa ṣe ohun tó ń fún ara lókun tó sì ń jẹ́ kí ara dúró, ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Bí màmá bá bi mí nípa oògùn wọn, dókítà wọn ni mo ń ní kí wọ́n pè, mo sì máa ń bá wọn tẹ nọ́ńbà náà.

Àṣìṣe tèmi rè é. Ní ọdún kẹta, bàbá kan wá, ara wọn le, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí gbogbo wa lọ sílẹ̀ nínú Xia Shi, ibi tí a ti ń tẹ ẹsẹ̀ kan wálẹ̀ pátápátá tí a sì na èkejì. Mo rí i tí ojú bàbá yí padà. Wọn kò pariwo. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n ti pààrọ̀ egungun ìbàdí wọn ní ọsibítù, mi ò sì bi wọ́n. Mo bá wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó tì wọ́n títí ọmọ wọn fi dé. Egungun náà kò yẹ̀, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo pe ilé inṣọ́ránsì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni fọ́ọ̀mù tí bàbá kọ nípa ìlera wọn. Mi ò ní.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń gbé apá sókè lọ́dọ̀ mi láìkọ fọ́ọ̀mù. Mo sì tún kọ́ nǹkan kan tí kò sí nínú kọ́ọ̀sì èyíkéyìí: àwọn àgbà wa kì í kọ àìsàn wọn sílẹ̀ fún àlejò. Wọ́n á kọ "kò sí" síbi gbogbo. Nítorí náà lẹ́yìn tí mo bá gba fọ́ọ̀mù, màá fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá fi Yorùbá bi wọ́n pé, "Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí? Ṣé òòyì máa ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde? Oògùn wo lẹ lò láàárọ̀ yìí?" Ìgbà yẹn ni òótọ́ á jáde.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa kíkọ́ni lórí Zoom: ó dára fún àwọn tó ti mọ ìgbésẹ̀. Ní 2020 tí wọ́n ti họ́ọ̀lù pa, òun ló gbà mí. Ṣùgbọ́n mi ò gba ẹni tuntun tó ti ń ṣubú lórí ẹ̀rọ. Apá mi ò lè gùn dé ilé wọn.

* * *

Àbúrò mi padà wá, ó ní ọkọ òun ti ka ìṣirò mi, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó sì béèrè pé kí wá ni ìgbésẹ̀ tó kàn.

Bó ṣe yẹ kí o ṣe é rè é. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nípa dídarí nína ara, kí o sì ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Láàárín ìyẹn, lọ bá máníjà níbi iṣẹ́ rẹ, ní kó fún ọ ní ìṣẹ́jú 20 lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí o ń tọ́jú, lórí àga, ọwọ́ nìkan, lójú òṣìṣẹ́ mìíràn. Sọ fún un tààrà pé o ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí o lọ sí kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì rẹ, wàá ti ní ìbéèrè tí wàá bi wọ́n. Gba inṣọ́ránsì kí o tó gba owó ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ya họ́ọ̀lù kékeré kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́jọ́ tí o kì í ṣiṣẹ́ lóru tó ṣáájú rẹ̀. Èèyàn mẹ́rin lè jáde. Kọ́ wọn bíi pé 40 ni wọ́n.

Nígbà tí kíláàsì àti ilé ìtọ́jú bá ti ń mú ìdajì owó oṣù rẹ wọlé fún ọdún kan gbáko, kì í ṣe oṣù kan, kí o dín alẹ́ kan kù nínú iṣẹ́ rẹ. Alẹ́ kan ná.

Họ́ọ̀lù tí o bá rí, lọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí àwọn màmá máa ń wọ̀, kí o rìn ín yí ká bóyá ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Ka àga. Wo ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà àti iye àtẹ̀gùn tí wọ́n máa gùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Kí o wá kọ iye tí wọ́n ní kí o san síbí, ká jọ ṣírò rẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí ìwé.